Ogun Tí Tógbé Igbẹ́kọ̀yí Ṣẹ́, Tí Kántọ̀n Rẹ̀ Fi Di Mẹ́ta

Bí Tógbé Étienne Igbẹ́kọ̀yí bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù, iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin ni. Ọ̀kan á di ọwọ́ alùpùpù mú, ọ̀kan á di ìdí rẹ̀ mú, ẹnì kẹta á ṣí agbòòrùn, ẹnì kẹrin á sì kígbe pé, "Ilẹ̀, múra o! Ẹsẹ̀ ń bọ̀!" Lẹ́yìn náà ni Tógbé yóò wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ Òkè-Àgò kò tíì rí ẹsẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ẹ̀rín pamọ́. Ọ̀nà ṣì jìn.

Ta ni ń jẹ́ Tógbé? Olórí kántọ̀n ni. Ìjọba ló fi í ṣe àkóso abúlé mẹ́ta tó wà láàárín àwọn òkè Atakpamé àti odò Mónò. Òkè-Àgò ni olú abúlé, ibẹ̀ ni Tógbé ń gbé. Ìdí-Emi wà nísàlẹ̀ òkè, lójú ọ̀nà tó lọ sí Atakpamé. Àgbẹ̀ ni wọ́n, iṣu àti àgbàdo ni iṣẹ́ wọn, wọn a sì gbin òwú díẹ̀. Etí-Mónò wà létí omi. Apẹja ni wọ́n. Ó tán. Ẹni tó bá jí rìn ní Òkè-Àgò lówùúrọ̀ lè yí gbogbo rẹ̀ ká, kó sì padà wá jẹ iyán alẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n Tógbé kì í pè é ní kántọ̀n. "Ilẹ̀ Ọba Ńlá Òkè-Àgò" ló ń pè é, bó bá sì ti dé orí "Ńlá" yẹn, á dúró díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè ráyè jókòó.

Kó tó joyè, alábòójútó ló jẹ́ nílé-ìwé kan, òun ló ń fun fèrè tí àwọn ọmọ fi ń tò. Nígbà tí oyè kan ìdílé wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà wà ní Lomé, ó ní òun kò lè fi iná mànàmáná sílẹ̀ wá jókòó sínú òkùnkùn. Ẹ̀gbọ́n kejì wà ní Abidjan, kò tilẹ̀ gbé ìpè. Bí oyè ṣe já lé Étienne lórí nìyẹn, bí èso tí ẹnikẹ́ni kò ká. Igbẹ́kọ̀yí ni orúkọ àbísọ rẹ̀: igbẹ́ kọ èyí. Igbẹ́ mọ ohun tó ń ṣe. Ìlú ni kò mọ bí a ti ń kọ̀.

Àwọn baba wa ní orúkọ oyè tiwọn, ṣùgbọ́n Étienne ní kí wọ́n máa pe òun ní Tógbé bí àwọn Ewe ṣe ń pe olóyè wọn, nítorí pé orúkọ tó ti ọ̀nà jíjìn wá ló máa ń dún jù. Lẹ́yìn náà ló yan mínísítà. Ọkùnrin tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ di Mínísítà Omi. Ẹni tó ń gun alùpùpù lọ ra búrẹ́dì ní Atakpamé di Mínísítà Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè. Léon ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ, Léon tí ahọ́n rẹ̀ ń yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ. Bí Tógbé bá sín, Léon á ní, "Afẹ́fẹ́ ti gba àṣẹ!" Bí Tógbé bá gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, Léon á gbé ọwọ́ sókè sí àwùjọ: "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ bí ọgbọ́n ṣe ń dákẹ́!"

Òfin kìíní tí Tógbé ṣe ni ti àkùkọ. Ó ní ìwọ̀sí ni kí àkùkọ máa kọ kí olórí ilẹ̀ tó la ojú. Àwọn ará ìlú gbọ́, wọ́n wo ara wọn, wọ́n lọ sí oko. Léon nìkan ló pa òfin mọ́: ó fi ìko di àkùkọ tirẹ̀ lẹ́nu lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àkùkọ ti kú. Léon ní ó kú nítorí ìlú. Ó sì sè é.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí àìsàn ìgbéraga tó pọ̀ jù ṣe wọ̀ ọ́ lára.

Ní Kamina, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atakpamé, àwókù kan wà tí gbogbo wa mọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn Jámánì, nígbà tí ilẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ wọn, gbé òpó irin gígagíga nà sí, tí wọ́n fi ń bá ìlú wọn ní Yúróòpù sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Lọ́jọ́ kan wọ́n pe àwọn olórí kántọ̀n síbẹ̀ láti wo ibi náà. Àwọn yòókù wò ó, wọ́n mu ohun mímu tútù, wọ́n padà sílé. Tógbé kò padà bó ṣe lọ. Ó dúró ti àwókù náà, ó fi ọwọ́ pa ògiri, omijé lé ròrò sí ojú rẹ̀.

"Léon," ó ní, "ṣé o rí ohun tí à ń pè ní ilẹ̀ ọba?"

"Mo rí i, Tógbé. Ó jọ yín."

Àwókù ni wọ́n ń wò o. Ṣùgbọ́n ìyìn ni Léon rò pé òun ń yìn.

Láti ọjọ́ náà ni Tógbé ti ń wá ilẹ̀ tí yóò gbà. Ilẹ̀ kò sí nítòsí àfi ti Gbékọ̀n, kántọ̀n tó bá wọn pààlà. Àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Bàbárímisá ni olórí ibẹ̀. Kò ga, kò sanra, ó sì máa ń jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de iyán kan. Láàárín kántọ̀n méjèèjì ni Ọjà Àràbà wà, lábẹ́ àwọn igi àràbà, níbi tí tọ̀tún-tòsì ti ń ná ọjà lọ́jọ́ Sátidé láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè rí pé ta ló ni ín. Wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, àwọn ọmọbìnrin Ìdí-Emi ń ti ibẹ̀ fẹ́ ọkọ lọ sí Gbékọ̀n.

Tógbé pe ìgbìmọ̀. Ó wọ aṣọ mẹ́ta léra wọn nínú oòrùn, ó jókòó, ó là á fún wọn pé láti òní lọ, Ọjà Àràbà di Ọjà Étienne, ti Ilẹ̀ Ọba Ńlá nìkan ni, àti pé kí Bàbárímisá wá wólẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rán Mínísítà Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè lọ sí Gbékọ̀n. Kò pẹ́ tó padà dé.

"Kí ni arúgbó yẹn wí?"

Mínísítà fọwọ́ họ orí. "Tógbé, ó ní kí n kí yín. Ó ní ṣé ẹ ti jẹun?"

Ojú Tógbé yí padà bíi ti ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ṣé mo ti jẹun!" ó ké. "Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Ó fẹ́ sọ pé ebi ló ń pa ilẹ̀ ọba mi!"

"Ogun ni," Léon ní. "Ẹni tó bá béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ọba, ogun ló béèrè."

Fúnkẹ́, ìyàwó Tógbé, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ibi tó ti ń pa àgbàdo. Obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ mọ níwọ̀n ni. Nígbà tí àwùjọ tú ká, ó wọlé tọ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Prince, ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò mi ń bẹ ní ilé ọkọ ní Gbékọ̀n. Oyún oṣù keje ló wà nínú rẹ̀. Ta lẹ fẹ́ bá jà?"

"Fúnkẹ́, ilẹ̀ ọba kì í ní àbúrò ìyàwó."

"Ta ló wá ń gbọ́únjẹ fún ilẹ̀ ọba?"

Tógbé ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ènìyàn ti là, koríko gbẹ débi pé ó ń dún bí bébà. Àwọn ọmọ ogun kó jọ ní Òkè-Àgò: àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn ọdẹ mélòó kan tí wọ́n gbé ìbọn bàbá wọn dání, àti ọtí sódábì inú kẹ́ẹ̀gì tí Tógbé pín fún wọn kí àyà wọn lè le. Àyà wọn le. Ẹsẹ̀ ni kò le. Tógbé gun alùpùpù tì wọ́n lẹ́yìn, agbòòrùn wà lórí rẹ̀, ó ń fun fèrè. Ẹnìkan ṣubú sínú kòtò, wọ́n ní àwọn ọ̀tá ti ń dẹ pàkúté.

Nígbà tí wọ́n dé Ọjà Àràbà, àwọn obìnrin ń sọ iṣu kalẹ̀. Bàbárímisá jókòó sórí odó rẹ̀, ó ń jẹ iṣu sísun.

"Étienne, ọmọ mi," ó ní, "ẹ káàbọ̀. Iṣu rèé."

"Má pè mí lọ́mọ! Mo wá gba ilẹ̀ mi!"

Arúgbó náà wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó wo ìbọn, ó wo àwọn obìnrin rẹ̀ tí wọ́n gbé ọmọ pọ̀n. Ó gbọn eérú iṣu kúrò lọ́wọ́. "Ẹ kó ẹrù yín," ó sọ fún àwọn ará Gbékọ̀n. "Iṣu á tún ta lọ́la. Orí tó bá fọ́ kì í tà." Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun pé ó dàbọ̀.

Ogun parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó bá ní ọgbọ́n orí á yọ̀ sí irú ogun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dun Tógbé. Ó dúró láàárín ọjà tó ṣófo, kò sí ẹni tó sá fún un, kò sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbá ewé sí i lẹ́sẹ̀.

"Wọ́n á padà wá," ó ní.

"Wọn kò ní padà bí kò bá sí àtíbàbà," Léon dáhùn. "Iná ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ogun ni."

Bí Tógbé ṣe pàṣẹ nìyẹn pé kí wọ́n dáná sun àwọn àtíbàbà Gbékọ̀n. Wọ́n ṣáná. Ó jó dáadáa. Gbogbo wọn hó. Ohun tí Ilẹ̀ Ọba Ńlá gbàgbé ni pé ọyẹ́ ní ọ̀nà tó ń gbà, kì í béèrè pààlà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àríwá ló ti ń fẹ́ wá. Gbékọ̀n wà ní àríwá. Gúúsù ni Ìdí-Emi wà.

Iná fò kúrò lórí àtíbàbà, ó bọ́ sínú koríko, ó gba ìsàlẹ̀ òkè lọ bí ẹṣin tó já. Tógbé dúró lórí àpáta, ó ń wo èéfín.

"Ẹ wò ó!" ó ní. "Ẹ wo bí àwọn ọ̀tá ṣe ń jó!"

Aká Antoinette ló ń jó. Opó ni Antoinette, ní Ìdí-Emi. Ó ní ọmọ mẹ́rin àti ìyá ọkọ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Àgbàdo tí wọn yóò jẹ títí òjò yóò fi dé wà nínú aká náà, pẹ̀lú iṣu tó fẹ́ gbìn. Nígbà tó rí iná, ó gbé ìyá ọkọ rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ, ó sá jáde. Jacques, àbúrò ọkọ rẹ̀, wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó gbé iṣu jáde. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì, òrùlé já lé e lọ́wọ́. Igbe rẹ̀ dé ọ̀nà Atakpamé.

Ta ló wá bá wọn pa iná? Àwọn ará Gbékọ̀n. Wọ́n rí èéfín lójú ọ̀nà ilé, wọ́n sọ iṣu kalẹ̀, wọ́n já ẹ̀ka igi tútù, wọ́n sáré wá. Bàbárímisá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyin iná mọ́lẹ̀, ó ń wú ikọ́. Aká mẹ́sàn-án ló jó kí wọ́n tó rí i pa. Wọ́n gbé Jacques lọ sílé ìwòsàn. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti bó.

Bí ẹlòmíràn bá ṣe irú rẹ̀, ilé ni yóò tì mọ́ ara rẹ̀. Tógbé se àsè ìṣẹ́gun.

Ó ní kí gbogbo abúlé mẹ́ta wá sórí ilẹ̀ ọjà tó jóná, kí wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ ń bẹ lọ́kàn àwọn náà. Léon kọ́kọ́ kí i fún ìgbà pípẹ́. Ó pè é ní òjò tí ń lé ọ̀dá, ó pè é ní òpó irin Kamina, ó pè é ní bàbá gbogbo ìṣẹ́gun. Tógbé wá dìde. Ó ní òun fẹ́ fi ìtàn yé wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́, Jámánì ló ni gbogbo ibi yìí. Agbára wọn kò ní òdiwọ̀n! Wọ́n ń bá Yúróòpù sọ̀rọ̀ láti Kamina! Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wó òpó wọn lulẹ̀! Ọwọ́ ara wọn! Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú. Wọ́n pín in mọ́ ara wọn bí ẹran. Faransé mú, Gẹ̀ẹ́sì mú. Nígbà tó ṣe, ogun mìíràn tún jà, ó rẹ Faransé náà. Àwọn tó wà lábẹ́ wọn ní, 'Àwa náà ti tó ìlú.' Bí a ṣe di orílẹ̀-èdè nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó yé yín: ilẹ̀ ọba ń ṣubú, ìlú tuntun ń dìde!"

Àwọn ènìyàn ń gbọ́ o. Wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Antoinette dìde láàárín àwọn obìnrin Ìdí-Emi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ṣe yẹ.

"Tógbé, ẹ má bínú. Ìbéèrè kan ni mo ní."

"Béèrè, ọmọ mi. Ìmọ̀ kò ní tán lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ní bí olórí ilẹ̀ bá lọ jagun, tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun ìní ara rẹ̀ jẹ́, ìgbà yẹn ni àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń dá dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni!" Tógbé kígbe tayọ̀tayọ̀. "Ẹ wo obìnrin tó gbọ́ ìtàn! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pa á títí eérú fi ń dìde lẹ́sẹ̀ wọn. Tógbé ń tẹrí ba lọ́tùn-ún lósì. Ó sọ fún Fúnkẹ́ nígbà tó délé pé láyé òun, wọn kò tíì yẹ́ òun sí tó bẹ́ẹ̀. Fúnkẹ́ wò ó, ó ní, "Ẹ lọ sùn, Bàbá Prince."

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ oko Tógbé pé, tí abúlé kọ̀ọ̀kan máa ń fi ọkùnrin ránṣẹ́ láti wá kọ ebè fún un, ẹnikẹ́ni kò ti Ìdí-Emi wá. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi emi wọn, wọ́n ń jíròrò. Tógbé rán Léon sí wọn. Léon lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, ó padà pẹ̀lú àpò kan lórí.

"Ẹ̀bùn!" Tógbé ní. "Wọ́n ti ronú pìwà dà."

Ó tú àpò náà. Àgbàdo dúdú ló wà nínú rẹ̀, èyí tó jó di èédú.

"Antoinette ló fi rán mi," Léon ní, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. "Ó ní ìṣẹ́gun yín rèé, kí ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Tógbé gbaná jẹ. Ó ṣe òfin pé láti ọjọ́ náà lọ, ará Òkè-Àgò kankan kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ìdí-Emi, kí ìyà lè jẹ àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà. Ìyà jẹ ènìyàn lóòótọ́. Ìdí-Emi ni ọ̀nà Òkè-Àgò gbà lọ sí Atakpamé. Ọ̀nà mìíràn kò sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan iyọ̀ tán ní olú abúlé. Ọṣẹ tán. Mínísítà Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè kò lè lọ ra búrẹ́dì mọ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀, ó ń nu táyà. Ẹnìkan tí eyín ń ro gba inú igbó lọ sí Atakpamé, ó ṣìnà, Moretan, ìlú mìíràn lọ́nà jíjìn, ló já sí. Ní Ìdí-Emi wọ́n ń ra iyọ̀, wọ́n ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Àwọn ará Etí-Mónò rí èyí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé ẹja tó sanra jù lọ fún Tógbé láìgba ọpẹ́. Gaël, apẹja kan tí ohùn rẹ̀ ń dún ju omi lọ, kó wọn jọ, ó ní bí Ìdí-Emi bá tó ìlú, àwọn náà tó o. Wọ́n hó, wọ́n fi Gaël jẹ olórí lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ tan yín jẹ pé òmìnira máa ń wo àìsàn yìí sàn. Ọjọ́ kẹta tí Gaël joyè, ó fi aṣọ méjì léra wọn. Ọjọ́ keje, ó ra agbòòrùn pupa kan, ó ní kí ẹnìkan máa gbé e lé òun lórí nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ìyàwó apẹja kò bá a jà. Wọ́n gba agbòòrùn náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n fi bo ẹja tí wọ́n sá kí eṣinṣin má bà á. Gaël wò wọ́n, ó wo ẹja, ó bọ́ aṣọ kan sílẹ̀. Ara rẹ̀ sì dá.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí préfẹ̀, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí gbogbo agbègbè. Ó fi ọkọ̀ méjì wá sí Òkè-Àgò, àwọn jàndáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, sì wà nínú èyí tó wà lẹ́yìn. Wọ́n pe Bàbárímisá pẹ̀lú. Tógbé rò pé wọ́n wá fún òun ní àmì ẹ̀yẹ. Ó wọ aṣọ mẹ́rin.

"Músiè Préfẹ̀," ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin ojú ìjọba, etí ìjọba, èmi Étienne, òpó ilẹ̀ yìí, tí mo ṣẹ́gun láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀..."

Jacques dìde láàárín àwọn ará Ìdí-Emi. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, pẹ̀lú báńdéèjì lára wọn títí dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì sọ wọ́n kalẹ̀.

Préfẹ̀ wò wọ́n pẹ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́ ti olórí. Mo fẹ́ gbọ́ ti àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí ọkùnrin yìí máa ṣe olórí òun, kó jókòó síbi tó wà. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó sọdá sábẹ́ igi máńgòrò yẹn."

Ìdí-Emi sọdá. Etí-Mónò sọdá. Tógbé rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn yẹn ọlọ̀tẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Òkè-Àgò bẹ̀rẹ̀ sí dìde, àwọn tí kò tíì fi iyọ̀ kan ẹnu láti ọjọ́ yìí. Mínísítà Omi sọdá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mínísítà Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè ti alùpùpù rẹ̀ sọdá. Ẹni tó gbé agbòòrùn sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sọdá. Ìjókòó ṣófo ló kù, àti Fúnkẹ́ àti Léon.

Fúnkẹ́ dìde. Ó tún aṣọ ọkọ rẹ̀ ṣe léjìká, níbi tó ti fẹ́ bọ́.

"Fúnkẹ́," Tógbé sọ ní ohùn kékeré tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ìwọ náà?"

"Mo ṣì ń bọ̀ wálé, Bàbá Prince. Olórí ni mi ò fẹ́ mọ́. Ọkọ ni mo fẹ́."

Ó sì sọdá.

Léon nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Préfẹ̀ wò ó. "Ìwọ nìkan lo dúró tì í?"

Léon wẹ̀yìn wò, ó wo abẹ́ máńgòrò tó kún. Ó wúkọ́. "Músiè Préfẹ̀," ó ní, "mo kàn fẹ́ béèrè ni. Kántọ̀n tuntun ti Ìdí-Emi yìí, ṣé wọ́n ti ní agbẹnusọ?"

Ẹ̀yin tí mo ní kí ẹ pa ẹ̀rín mọ́, ó yá. Gbogbo abẹ́ máńgòrò ló rín in, àwọn jàndáàmù rín in, préfẹ̀ fi aṣọ ìnujú bo ẹnu.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, préfẹ̀ sọ pé òun yóò kọ̀wé sí Lomé kí Ìdí-Emi àti Etí-Mónò lè dá dúró, àti pé kí Òkè-Àgò wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe olórí wọn. Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Jàndáàmù kan ti ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bàbárímisá gbé ọwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, bí ẹ bá gbé e lọ, yóò jókòó sábẹ́ òrùlé ìjọba, yóò máa jẹun ìjọba. Aká Antoinette kò ní òrùlé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó sun ilé ló ń kọ́ ọ."

Préfẹ̀ bi Antoinette léèrè. Ó ní òun fara mọ́ ọn. Préfẹ̀ bi Tógbé. Étienne wo ọkọ̀ jàndáàmù, ó ní òun náà fara mọ́ ọn.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwọn tó gbé iná lọ́jọ́ náà wà ní Ìdí-Emi: àwọn ọ̀dọ́ ń gé igi, àwọn ọdẹ ń ru koríko bẹẹrẹ, Léon ń po amọ̀, kò sì rí ẹni tí yóò yìn. Étienne dé nígbà tí oòrùn ti ga. Aṣọ ńlá wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró sábẹ́ igi, ó na ìka: "Ẹ gbé èyí sọ́tùn-ún. Ẹ fà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́."

Antoinette bọ́ sílẹ̀ lórí àkàbà.

"Bàbá, ẹ kú àbọ̀. Iṣẹ́ wà lókè."

"Mo wá bojú tó o ni."

"A ti ní ojú. Ọwọ́ ni kò tó. Jacques ló máa ń bá mi bo òrùlé."

Jacques jókòó sí ẹ̀bá ògiri, àwọ̀ tuntun pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì lè ká ìka. Étienne wo ọwọ́ náà. Mi ò mọ ohun tó rò. N kò ní purọ́ fún yín pé ọkàn rẹ̀ yí padà. Mo mọ̀ pé ó bọ́ aṣọ ńlá náà, pé ó ká a, pé kò sí ẹni tó na ọwọ́ láti gbà á, ó sì gbé e lé orí òkúta. Ó gun àkàbà. Ó wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ikùn rẹ̀, ó di bẹẹrẹ mú, ó fi okùn so ó mọ́ igi. Ó fà á. Okùn tú, bẹẹrẹ dà lé e lẹ́sẹ̀.

Àwọn obìnrin tó wà nísàlẹ̀ kú fún ẹ̀rín. Antoinette kò rẹ́rìn-ín. Àgbàdo ọdún kan ló yẹ kó wà lábẹ́ òrùlé yẹn, òjò sì ti ń sú. Ó gun òkè lọ bá a, ó kó bẹẹrẹ náà jọ, ó gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó so ó níṣojú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò, kò tú. Ó wá gbé ìdì mìíràn lé e lọ́wọ́.

"Òmíràn," ó ní.